Etí Tó Ṣọyún Láti Kékeré: Ṣé Ó Lè Wọ Abẹ́ Òkun?

Ìbéèrè: “Ìlú Leicester ni mo ń gbé, ọmọ ọdún 34 ni mí. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, etí ọ̀tún mi sì máa ń ṣọyún láti kékeré. Mo tó ọmọ ọdún 11 kó tó gbẹ. Títí di òní, bí bàlúù bá ti ń balẹ̀, etí náà á di, á máa ro mí, nígbà mìíràn ó máa ń di ọjọ́ kejì kó tó ṣí. Èmi àti ọkọ mi ti sanwó ẹ̀kọ́ ìmòòkùn: inú púùlù níbí la ti máa bẹ̀rẹ̀, a ó sì parí rẹ̀ ní Òkun Pupa ní Íjíbítì. Tíṣà wa ní kí n má dààmú, kí n ṣáà di imú kí n sì fẹ́ ẹ gan-an. Ṣé kí n lọ?”

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lọ o, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba owó yín padà. Pé etí yín ṣọyún nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé kọ́ ló máa dá ẹjọ́ náà. Ohun méjì péré la fẹ́ mọ̀: ṣé ìlù etí yín, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní ìparí ihò etí, ti pé, tí kò sí ihò lára rẹ̀, àti pé ṣé ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó so etí mọ́ ẹ̀yìn imú ń ṣí nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó ṣí. Orí ilẹ̀ gbígbẹ la ti ń mọ méjèèjì. Ní ti “fẹ́ ẹ gan-an” tí tíṣà yín wí, ẹ gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Lẹ́yìn ìlù etí, yàrá kékeré kan wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ ń gbà débẹ̀, ìyẹn ọ̀nà Eustachian, tó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ lára àgbàlagbà, tó sì já sí ẹ̀yìn imú lókè ọ̀fun. Ó máa ń padé ni. Bí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a yán, iṣan á fà á ṣí, kò sì ní pẹ́ tó fi máa padé. Lórí ilẹ̀, ìyẹn ti tó. Lábẹ́ omi, kò tó rárá, torí omi wúwo. Bí ìfúnpá bá jẹ́ bar 1 lórí omi (bar ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá), ó ti di 2 ní mítà 10, ó di 3 ní mítà 20, ó di 4 ní mítà 30. Bí ìfúnpá ṣe ń pọ̀ ni afẹ́fẹ́ inú etí ń sún kì, tí ìlù etí sì ń tẹ̀ wọnú. Àfi kí ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un láti ọ̀nà imú kó tó padà sáyè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tó jìn ló léwu fún etí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti orí omi dé mítà mẹ́ta lé díẹ̀, afẹ́fẹ́ inú etí á ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó ti wà ní mítà 20 ní láti sọ̀ kalẹ̀ dé mítà 30 kó tó rí irú àdínkù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí púùlù lásán, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò ju mítà mẹ́ta lọ, fi ń ba etí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi èyí wo ọ̀rọ̀ bàlúù tí ẹ sọ, torí òun gan-an ló kàn mí ju ọyún ìgbà èwe lọ. Inú bàlúù tó ń rìnrìn àjò jíjìn, ìfúnpá máa ń dà bíi ti ẹni tó wà lórí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Nígbà tó bá ń balẹ̀, ìyípadà tí etí ní láti gbà kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin bar lọ, ó sì máa ń gba nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi mítà méjì àbọ̀ ló ṣe déédéé ìyẹn, ẹni tó ń mòòkùn sì lè kọjá rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Etí tí kò lè bá bàlúù dọ́gba ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má retí pé kó bá omi dọ́gba ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bó ti wù kí ẹ fẹ́ imú tó.

Bí ẹ bá jẹ́ kí omi tẹ etí láìfi afẹ́fẹ́ kún un, kí ẹ tó lọ jìnnà ju nǹkan bíi mítà 1.2 lọ, ẹnu ọ̀nà Eustachian á lẹ̀ pọ̀, kò sì sí iṣan tó lè ṣí i mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, fífẹ́ kò wúlò mọ́, ẹ ní láti gòkè díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣorí kunkun tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, awọ inú àárín etí rẹ̀ á wú, omi ara á kọ́kọ́ sun jáde sínú yàrá náà, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀. Níkẹyìn, ìlù etí lè ya. Ẹni tí ìlù etí rẹ̀ ya lábẹ́ omi á rí i pé ìrora náà dáwọ́ dúró lójijì, omi tútù á wọ àárín etí kan ṣoṣo, òòyì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ débi pé kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó lè bì sínú ohun tó fi ń mí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kó di okùn tàbí tíṣà rẹ̀ mú, kó má yọ ohun tó fi ń mí kúrò lẹ́nu, kó dúró. Bí omi inú etí bá ti móoru tán, òòyì náà á rọlẹ̀.

Fífẹ́ imú tagbáratagbára ńkọ́? Bí ẹ bá ń tiraka bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀nà Eustachian ti dí, ìfúnpá inú orí á ga, á sì ti omi tó wà nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ìgbọ́ràn àti ìdúró-déédéé gbé wà. Fèrèsé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín ibẹ̀ àti àárín etí. Bí awọ yẹn bá ya, etí lè di adití títí ayé, kó máa hó tọ̀sán-tòru. Ìlù etí tó ya máa ń jinná lọ́pọ̀ ìgbà. Ti inú lọ́hùn-ún yìí, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹpọ̀n.

Ọ̀dọ̀ dókítà ló kù. Fọ́ọ̀mù ìlera tí PADI, ìyẹn àjọ tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí ìmòòkùn, àti ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìmòòkùn ń lò béèrè nípa ojú, etí, imú àti àwọn ihò inú egungun ojú. Bí ẹ bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni”, á tún bi yín bóyá ẹ ti ní àìsàn etí tàbí iṣẹ́ abẹ etí rí, tàbí ẹ kì í gbọ́ràn dáadáa. “Bẹ́ẹ̀ ni” ni ìdáhùn yín, ó sì túmọ̀ sí pé dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń kọ “bẹ́ẹ̀ kọ́” kí wàhálà má pọ̀. Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ ní Íjíbítì, ìwé yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò á kọ́kọ́ tú wò. GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò, lè ní òun ò mọ̀ nípa ìmòòkùn, kò sì pọn dandan kó fọwọ́ sí i, ó sì lè gba owó lọ́wọ́ yín. Dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn tàbí dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló dáa jù fún irú etí tiyín.

Ẹ má jẹ́ kó kàn fi iná wo etí kó sì ní “ó dáa”. Ẹ sọ fún un pé kó máa wo ìlù etí náà nígbà tí ẹ bá di imú tí ẹ sì fẹ́ ẹ díẹ̀: ìlù tó dáa máa ń mì, á yọ síta díẹ̀. Kó ṣe é fún etí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìlù etí yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn tympanometry. Wọ́n á ki rọ́bà kékeré kan bọ ihò etí, ẹ̀rọ á máa yí ìfúnpá padà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìlà kan á sì jáde lórí ìwé. Bí ìlà náà bá ṣe ṣóńṣó láàárín, ara dá. Bí ṣóńṣó náà bá sún sí apá òsì, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlù kò tó, ọ̀nà Eustachian ń ṣe ọ̀lẹ. Òun ni mo fura sí lára yín. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, yálà omi wà lẹ́yìn ìlù tàbí ihò wà lára rẹ̀. Kí wọ́n sì yẹ ìgbọ́ràn yín wò, kí ẹ ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́: bí etí bá fara pa lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ la ó ti mọ ohun tó sọnù.

Àwọn ohun tó máa fòpin sí ọ̀rọ̀ náà nìyí: ihò tó ṣì wà lára ìlù etí, ike kékeré tí oníṣẹ́ abẹ fi sára rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tó gbẹ́ egungun ẹ̀yìn etí tó sì sọ ihò etí di gbàgede, àrùn Ménière (àìsàn inú etí lọ́hùn-ún tó ń fa òòyì tó sì ń dín ìgbọ́ràn kù), àti ẹni tó jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ló fi ń gbọ́ràn. Ọ̀kan tún wà tí kò yẹ kí ẹni tí etí rẹ̀ ṣọyún pẹ́ gbójú fò dá, ìyẹn cholesteatoma: awọ ara tó wọ àárín etí, tó ń dàgbà níbẹ̀, tó ń jẹ egungun díẹ̀díẹ̀. Bí etí yín bá ṣì máa ń sun omi tó ń rùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ìmòòkùn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ihò lásán ní tirẹ̀ ṣeé tún ṣe: wọ́n lè fi awọ ara ẹni dí i, bó bá sì jinná tán tí afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa, ọ̀pọ̀ èèyàn ń padà sínú omi lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Bí ihò tiyín bá ti fúnra rẹ̀ dí, ẹ béèrè bí àpá ibẹ̀ ṣe nípọn tó, torí àpá míì máa ń fẹ́lẹ́ ju awọ yòókù lọ.

Ká ní ìlù etí ti pé, àmọ́ tí afẹ́fẹ́ kì í wọlé wéré. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ṣeé ṣiṣẹ́ lé lórí jù. Ohun tó sábà ń dí ọ̀nà náà ni imú tó wú: kàtá tí kò lọ, eruku, irun ológbò, èéfín sìgá. Ẹ máa fi omi iyọ̀ fọ imú lójúmọ́: omi tí ẹ sè tí ẹ sì jẹ́ kó tutù, mílílítà 250, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ tí kò ní áyódínì, àti ìwọ̀nba sódà ìyẹ̀fun (baking soda) kíún. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ tí ẹ ò sè ṣe é. Dókítà tún lè fún yín ní oògùn fífín sí imú bíi fluticasone tàbí mometasone. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi fín ihò imú òsì, ọwọ́ òsì fún ti ọ̀tún, kí ẹnu ìgò kọjú sí ìta, kó má kọjú sí ògiri àárín imú. Oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rinlẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá fi ṣe é ní ọjọ́ méjì tí wọ́n sì ní kò wúlò, àwọn ni wọn ò ní sùúrù.

Oògùn tó ń la imú lójú ẹsẹ̀ ńkọ́, bíi pseudoephedrine tàbí oxymetazoline? Ó ń ṣiṣẹ́, ìṣòro rẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Ẹ lè fi wọlé sómi, kí agbára rẹ̀ wá tán nígbà tí ẹ wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú etí á máa fẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá sì lo èyí tí wọ́n ń fín sí imú ju ọjọ́ mélòó kan lọ, imú á wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tèmi ni pé, ọjọ́ tí etí ò bá lè ṣí láìsí oògùn yẹn, ẹ má wọ omi lọ́jọ́ náà.

Ní ti bí ẹ ó ṣe máa ṣí etí, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí tíṣà yín mọ̀ ni ti Valsalva, ará Ítálì tó kọ̀wé nípa etí ní 1704. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé ọyún ló fẹ́ fi tì jáde nínú etí. Ẹ di imú, ẹ pa ẹnu dé, ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Ti Toynbee ni kí ẹ di imú kí ẹ sì gbé itọ́ mì. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ gan-an ni ti Frenzel, ọmọ Jámánì. Ẹ di imú. Ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì, tó há èémí mọ́ ọ̀fun. Ọ̀nà ọ̀fun ti pa nìyẹn. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ahọ́n ti afẹ́fẹ́ tó kù lẹ́nu lọ sókè sẹ́yìn, bí ẹni fẹ́ pe “ká” tí kò jẹ́ kó jáde. Ẹ dúró níwájú dígí kí ẹ wò ó: imú á wú díẹ̀ lókè ìka yín, gògóńgò á fò sókè, ikùn ò sì ní mira rárá. Bí ikùn bá ń le, Valsalva lẹ padà sí. Agbára ahọ́n ò lè tó ti àyà, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti fi ṣe ara ẹni léṣe.

Ẹ máa ṣe é ní ìgbà mélòó kan láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, fún oṣù kan ó kéré tán, kí ẹ sì máa tẹ́tí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ́tọ̀. “Kẹ̀” kékeré tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó wọlé. Bí òsì bá ń kẹ̀ tí ọ̀tún ò dún, ẹ tẹ orí sí òsì, kí etí ọ̀tún kọjú sókè, kí ọrùn fà, kí ẹ tún un ṣe. Ìgbà tí ọ̀tún bá ń ṣí lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ gbìyànjú, ni kí ẹ tó dá ọjọ́ púùlù.

Nínú omi, ẹ ti ṣí etí kí orí tó wọlé. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi ṣíwájú, kí ẹ di okùn mú. Bí orí bá ṣíwájú, ẹ̀jẹ̀ á dà sí imú, ọ̀nà á sì túbọ̀ dí. Láti orí omi dé mítà márùn-ún, ẹ ṣí etí ní gbogbo ìdajì mítà, yálà ó ń dùn yín tàbí kò dùn yín. Ìrora kọ́ ni àmì pé àsìkò tó. Bó bá ti ń dùn, ẹ ti pẹ́. Ẹ gbójú sókè wo tíṣà, kí ọrùn lè nà. Bí etí bá kọ̀, ẹ dúró, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe “kò dáa”, kí ẹ nawọ́ sí etí náà, kí ẹ gòkè mítà kan tàbí títí tí ìnira náà á fi lọ, kí ẹ sì tún gbìyànjú. Lẹ́ẹ̀mẹta tí kò bá ṣí, ẹ jáde. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú sí yín. Wọ́n máa ń bínú nígbà míì, àmọ́ etí wọn kọ́.

Bí ẹ bá ń gòkè, etí sábà máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde fúnra rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ di imú kí ẹ gbé itọ́ mì. Ẹ má fẹ́ imú rárá nígbà tí ẹ ń gòkè, torí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù nínú etí náà tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fi ohunkóhun dí etí. Ike tó dí ihò etí pa á há afẹ́fẹ́ sáàárín òun àti ìlù, omi á sì tì í wọlé. Fìlà rọ́bà tí wọ́n ń dé nínú omi tútù, bíi ti Stoney Cove, ibi ìmòòkùn tó wà nítòsí yín, lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà bó bá fún jù. Ẹ fi ìka fà á kí omi wọlé kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ìdọ̀tí etí tó ti dì gbọ́dọ̀ kúrò ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kí nọ́ọ̀sì bá yín ṣe é. Ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ àti igi kékeré olówùú (cotton bud) sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìmòòkùn, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan etí, ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí omi jáde. Àwọn kan máa ń kán ọtí kíkan funfun àti sípíríìtì tí wọ́n pò dọ́gba sí etí kí ihò rẹ̀ má baà kẹ̀. Kìkì ẹni tó dá lójú pé ìlù etí òun pé ló lè ṣe é. Bó bá gba ihò kọjá, iná ni, ó sì lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Bí etí bá kàn di bíi pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ má mòòkùn mọ́ títí á fi ṣí pátápátá. Àmọ́ bí ìgbọ́ràn bá ṣàdédé lọ, tí etí ń hó gidigidi, tàbí tí òòyì ò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé orí sókè, ẹ má fun imú, ẹ má gbé ẹrù, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ mòòkùn, bí ẹ ṣe lọ jìn tó, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ìtọ́jú awọ inú etí tó ya yàtọ̀ sí ti àìsàn tí yíyára gòkè láti ìsàlẹ̀ omi ń fà (decompression sickness).

Owó tí ẹ ti san wá ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n sún ẹ̀kọ́ yín síwájú ní oṣù mẹ́ta, ẹ fi ìwé dókítà tì í. Kí wọ́n pín púùlù sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan dípò ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, torí etí tó wú lánàá kì í ṣí lónìí. Ní Íjíbítì, ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn wọ omi, tí ìsàlẹ̀ sì ń jìn díẹ̀díẹ̀, bíi Dahab, ló bá irú etí tiyín mu ju fífò láti inú ọkọ̀ ojú omi lọ. Ẹ fi ọjọ́ kan gbáko sílẹ̀ lẹ́yìn tí bàlúù bá balẹ̀; bí etí ọ̀tún bá ṣì di, ẹ fi ìkejì kún un. Kí ọkọ yín máa lọ ṣáájú ná, kí ẹ má tìtorí rẹ̀ kánjú. Bí tíṣà tuntun bá tún ní kí ẹ fẹ́ imú gan-an, ẹ béèrè fún ẹlòmíràn.